Ohun tí Ẹ̀rọ Rí tí Ẹbí Fi Pamọ́

Inú ló ń bí mi tí mo fi jókòó kọ èyí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìyá àgbà kan fẹ́ pa àlọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ugborikoko, lẹ́bàá Warri, ló ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, nítorí wọ́n ń ronú iṣẹ́ tí àwọn máa kọ́. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì dé ibi tó ń dùn mí tí alága fi ní àkókò ti tó, pé kí wọ́n máa gbé kéèkì bọ̀. Kò burú, kéèkì náà dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì kù nínú mi, ibi tó ń dùn mí yẹn gan-an ló sì yẹ kí wọ́n gbọ́.

Iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara ni mo ṣe, láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọge títí irun mi fi funfun. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Mo kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́, ìjọba sì rán mi wá sí Warri gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Mo rò pé ọdún kan péré ni, pé màá padà sílé. Ọsibítù ìjọba ní kí n dúró, mo dúró, mo rí ọkọ fẹ́, mo bí Tóyìn, ó parí. Ní ti owó oṣù, kò tó ohun tí èèyàn ń sọ, nítorí náà a ò ní sọ ọ́.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an kì í ṣe olùkọ́ kankan nílé ẹ̀kọ́. Ọkùnrin Urhobo kan ni, Ọ̀gá Akpọ, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka àwòrán nígbà tí mo dé. Ó tín-ín-rín, ẹ̀wù funfun rẹ̀ sì máa ń le gbagidi nítorí sítáàṣì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, kò bi mí ní ìwé ẹ̀rí. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n gun orí tábìlì, kí n sùn sílẹ̀. Tábìlì náà tutù, ó sì le. Ó jáde lọ, ó lọ mu tíì, ó fi mí sílẹ̀ síbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n dìde tàbí kí n má dìde. Nígbà tó padà dé, ó ní kí ni mo kọ́. Mo ní tábìlì tutù, ó ń dùn mí lẹ́yìn, mi ò sì mọ ìgbà tó máa padà.

Ó ní, “Now you don sabi the work small.”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbé ẹnikẹ́ni sórí tábìlì láìsọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un àti ìgbà tí màá padà wá, mo wọ gàù. Ọ̀gá Akpọ kì í gba ẹ̀bẹ̀. Kò sì gbà kí a fi ẹ̀yà ara pe èèyàn. Bí ẹ bá wí fún un pé àyà kan wà níta tó ń dúró, á ní kí ẹ lọ kí àyà náà, kí ẹ bi í ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Fíìmù là ń lò nígbà náà, inú yàrá òkùnkùn la ti ń fọ̀ ọ́ nínú omi kẹ́míkà tó ń rùn, tó sì ń bó wa lọ́wọ́. Bí ìkánjú bá mú kí fíìmù rẹ bàjẹ́, ọ̀gá á fi í kọ́ sára ògiri, á kọ orúkọ rẹ sábẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ayé wá wò ó. Tèmi pọ̀ níbẹ̀. Mo sunkún nínú yàrá òkùnkùn yẹn dáadáa, nítorí kò sí ibi tó dára fún ẹkún tó o. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní ìyà ni. Ó jẹ́ ìyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tó fi ìyà náà jẹ aláìsàn.

Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá àgbàlagbà máa ń wá, wọ́n á ní ẹ̀yìn ń dun àwọn. Àwọn apẹja, tíṣà, àwọn tó ṣiṣẹ́ ní èbúté. A ó ya eegun ẹ̀yìn wọn, a ó sì rí i tó funfun kátakàta níbi tí kò yẹ. Ọ̀gá Akpọ á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á jáde lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Mo bi í lọ́jọ́ kan. Ó ní àìsàn náà kì í ṣe ti ẹ̀yìn rárá, pé ìsàlẹ̀ ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ẹ̀yin ọkùnrin kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Kókó ara kan wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ gbogbo ọkùnrin, pírósítéètì ni wọ́n ń pè é. Kò ju àwúsá kan lọ, ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Jẹjẹrẹ a máa mú un, a sì máa rọra jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìfa ìrora. Nígbà tó bá ti jáde kúrò níbẹ̀, tó ti wọ eegun ẹ̀yìn, ni ẹ́síréè wa tó ń rí i. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Àwòrán wa dára, ó mọ́ kedere, ohun tó ti kọjá àtúnṣe ló sì ń fi hàn wá.

Kí àwọn dókítà tó lè mọ̀ ọ́n ṣáájú, ìka ọwọ́ tí wọ́n ń tì bọ ìdí láti fi kan kókó náà ni wọ́n ní, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tó wà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n á wá fi gba ìdí wọlé láti ẹ̀yìn, wọ́n á bu ẹran díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á kó o lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ wò ó bí ẹni pé wọ́n di yín lójú, wọ́n ní kí ẹ máa fi abẹ́rẹ́ wá òkúta kan nínú ìrẹsì. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, ó dáa. Bí kò bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, èsì á ní kò sí nǹkan kan, ọkùnrin á sì lọ sílé lọ ṣe sàráà ọpẹ́.

Ayé yí padà. Wọ́n ti yàrá òkùnkùn pa, kọ̀ǹpútà rọ́pò fíìmù. Ọ̀gá Akpọ fẹ̀yìn tì kí ó tó rí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì kú sí ilé rẹ̀ ní Ugbolokposo. Èmi náà fẹ̀yìn tì kúrò lọ́dọ̀ ìjọba. Mo rò pé ó parí, àfi bí ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní ọ̀nà Effurun ṣe gbé ẹ̀rọ MRI dé, tí wọ́n ní kí n wá ran àwọn lọ́wọ́. Wọ́n rán mi lọ kọ́ ọ. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí Tóyìn fi ọjọ́ orí jù lọ, wọ́n ń pè mí ní Grandma, mo sì ń bá wọn kọ́ ọ bí ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Ẹ̀rọ náà kì í lo ìtànṣán tí ẹ́síréè ń lò. Irin òòfà ńlá kan ni, ó ń lo omi tó wà nínú ara yín láti fi ya àwòrán. Ẹ ó sùn sínú ihò rẹ̀, ẹ ò ní mira, á máa pariwo gbàgà-gbàgà lórí yín. Ẹ ò gbọdọ̀ mú irin kankan wọlé, nítorí á fà á. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ya pírósítéètì, ńṣe ni mo wá ìjókòó. Mo rí kókó náà kedere, èèpo rẹ̀, inú rẹ̀, ọ̀tún àti òsì, iwájú àti ẹ̀yìn. Ibi tó bá bàjẹ́ á dúdú láàárín ibi tó mọ́lẹ̀. Àwòrán nìkan ò tó láti fi ní jẹjẹrẹ ni, abẹ́rẹ́ ṣì ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà á ti mọ ibi tó yẹ kó gún. Mo rántí gbogbo àwọn bàbá tí wọ́n bá ẹ̀yìn dídùn wá, inú mi dùn títí omi fi bọ́ lójú mi.

Inú dídùn yẹn ò sì pẹ́, nítorí kò sí ohun rere tí èèyàn kò lè dàrú. Àwọn dókítà kan á kọ́kọ́ gún ọkùnrin tán kí wọ́n tó rán an wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ibi tí wọ́n gún á sì bo àwòrán, a ò ní rí ohun tó yẹ ká rí. Mo pariwo títí wọ́n fi ń kọ́kọ́ rán wọn wá. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní oníjà ni mí, ẹ má bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí kéré sí ti Alhaji Mùfútáù.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alhaji. Abọ́ tánńganran àti ìkòkò ló ń tà ní Agbassa, ó sì ti wà níbẹ̀ kí n tó dé ìlú yìí. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ra ìkòkò tí mo kọ́kọ́ fi se ọbẹ̀ ní Warri, nígbà tí mi ò tíì gbọ́ Píjìnì tí àwọn ọlọ́jà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbọ́ tí mo ń fi Yorùbá kùn, ó ní kí ọmọ Ìjẹ̀bú wá jókòó, pé omi tútù wà, ṣùgbọ́n kí n mú gààrí tèmi dání. Èmi náà ní ará òkè wo ló mọ iye tí wọ́n ń ta gààrí. Láti ìgbà yẹn la ti di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ìyàwó rẹ̀, Alhaja Sáfú, ló wẹ Tóyìn fún mi nígbà tí ìyá mi kò lè tètè dé.

Nígbà tí ara Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ìtọ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan wà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kò sí. Ẹ̀jẹ̀ tún ní ó ń pọ̀ sí i, wọ́n tún gún un, wọ́n tún ní kò sí. Ó sú u. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí á ya á ní àwòrán, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá sì ni. Lúkmọ́n, àkọ́bí rẹ̀, ló gbé e wá. Warri ni wọ́n bí Lúkmọ́n sí. Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí ẹ bá sọ, ṣùgbọ́n Píjìnì lá fi dá yín lóhùn. Alhaji bọ́ òrùka, ó bọ́ aago, ó tú tírà ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, ó ní ẹ̀rọ wa bá òun jà, òun ò sì mọ ohun tí òun fi ṣẹ̀ ẹ́.

Mo ti rí i kó tó jáde. Apá iwájú ni nǹkan náà wà, ibi tí abẹ́rẹ́ tó ń gba ẹ̀yìn wọlé kì í dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gún un tí wọ́n ń ní kò sí. Ó kéré, inú kókó náà ló ṣì wà, kò tíì jáde. Kì í ṣe iṣẹ́ tèmi láti sọ èsì, dókítà tó ń ka àwòrán ló ni ín. Òun náà rí i bí mo ṣe rí i, ó sì ní kí wọ́n tètè gún ibẹ̀ gan-an kí ìtọ́jú lè bẹ̀rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Mo lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo kọrin nínú ilé ìdáná, Tóyìn ní kí ló dé sí mi.

Lẹ́yìn náà, mo ń bi Lúkmọ́n nígbàkígbà tí mo bá rí i, torí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò jẹ́ kí n ráyè dé Agbassa. Á ní Daddy ti wà lórí ìtọ́jú, pé kí n má ṣèyọnu. Mo gbà á gbọ́. Ọmọ tó gbé bàbá rẹ̀ wá, báwo ni mo ṣe fẹ́ rò pé ó ń purọ́ fún mi?

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kejì nígbà tí mo lọ ra basíà ní Agbassa. Alhaji jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò dìde. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í jókòó kí àlejò, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Mo bi í bí ìtọ́jú ṣe ń lọ. Ó ní ìtọ́jú wo. Ó ní ṣebí àwòrán wa kò rí nǹkan kan, pé Lúkmọ́n ló mú èsì wá, ọjọ́ orí ni, jẹ̀díjẹ̀dí ló kù tó ń mú òun lẹ́yìn. Ó nawọ́ sí ìgò àgbo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún wá ń yin àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi. Ó ní láti Iléyá ni wọ́n ti gbọ́n, ẹran tó dára jù ni wọ́n ń bù fún òun, wọ́n sì ń pe àwọn àáfà wá ṣàdúà nínú ilé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àwọn wọ̀nyí fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe mọ̀ pé ó wà lára òun. Mo rọra gbé báàgì mi sílẹ̀, mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọlé lọ bá Lúkmọ́n àti ìyá rẹ̀.

Lúkmọ́n kò jiyàn. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni wọ́n fún ilé àyẹ̀wò, nítorí a kì í fún wọn ní ti bàbá nígbà tí ọmọkùnrin bá wà, òun ni dókítà sì pè. Dókítà sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó ní kó mú bàbá rẹ̀ wá kíá. Ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n pe àwọn ẹbí lórí fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo wọn fẹnu kò pé kí wọ́n má jẹ́ kí Alhaji gbọ́. Wọ́n wí fún dókítà pé ó ti rìnrìn àjò lọ sílé. Ìyàwó Lúkmọ́n mọ̀, àwọn àna mọ̀, àwọn àáfà mọ ohun tí wọ́n ń ṣàdúà lé lórí. Ọkùnrin kan ṣoṣo tí àìsàn wà lára rẹ̀ ni kò mọ̀.

Lúkmọ́n ní, “Mama, if we tell am, na fear go kill am before the sickness.”

Alhaja Sáfú ń sunkún. Ó ní ta ló máa la ẹnu sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ òun. Ó ní bàbá òun gbọ́ orúkọ àìsàn tirẹ̀, kò sì lo ọ̀sẹ̀ náà parí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà. Èyí ló mú kí ó tún bí mi nínú sí i, nítorí ìkà ṣeé bá jà, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi ìfẹ́ ṣe? Mo ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ní àìsàn tó ṣeé wò ni wọ́n ń ṣàdúà lé lórí, tí wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́ dókítà. Mo wá kọjú sí Lúkmọ́n, ohùn mi sì ti ròkè, mi ò lè mú un wálẹ̀ mọ́.

“Lúkmọ́n, ta ni a ya àwòrán rẹ̀? Ṣé ìwọ ni?”

Alhaji ló dáhùn. Ó ti dìde, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, a ò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀.

“Ìyá Tóyìn,” ó ní, “o ò tíì purọ́ fún mi rí. Kí ni ẹ̀rọ yín rí?”

Alhaja Sáfú dì mí lọ́wọ́ mú. Mo gba ọwọ́ mi.

“Ó rí nǹkan, Alhaji. Dókítà ló máa ṣàlàyé rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ ká lọ báyìí.”

Ó wo ọmọ rẹ̀. Alhaji ní kí wọ́n fún òun ní fìlà òun.

Nígbà tí a dé ilé àyẹ̀wò, dókítà ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu òun. Ó ní ẹbí la máa ń sọ fún, pé bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, gbogbo ìwà tí kò dára ló ń fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é kọ́ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé, kó wá sọ ọ́ fún olóhun. Ó dìde, ó gbé àwòrán náà jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó sì fọgbọ́n sọ ọ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó dárúkọ jẹjẹrẹ gan-an, ó ní abẹ́rẹ́ ló kù tó máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì dúró kí Alhaji mí.

Alhaji kò ṣubú. Kò pariwo. Ó fa àga súnmọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó na ìka sí ojú dúdú kékeré tó wà níwájú kókó náà.

“Ṣé ibí yìí ni?”

“Ibẹ̀ ni, sà,” ni dókítà wí.

“Ìgbà wo lẹ ya á?”

“Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, sà.”

“Bó ṣe kéré tó nígbà náà rèé?”

Dókítà ní bó ṣe kéré tó rèé. Alhaji jókòó, ó ń wo ara rẹ̀ tọdún tó kọjá. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Láti Iléyá ni ẹ ti ń ṣọ̀fọ̀ mi,” ó ní, “ẹ ò sì pè mí sí i.”

Lúkmọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì. Ọkùnrin tó ti ń bí ọmọ, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà. Alhaji jẹ́ kó sunkún tó. Ó bi dókítà bóyá àìsàn yìí máa ń mú bàbá àti ọmọ. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, pé ó yẹ kí ọmọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ tètè máa yẹ ara rẹ̀ wò. Alhaji ní kí Lúkmọ́n dìde.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ tìrẹ wò,” ó wí fún un, “kí wọ́n má pe ọmọ rẹ. Ìwọ ni kí wọ́n pè.”

Wọ́n gún ibẹ̀ gan-an, jẹjẹrẹ ni; a tún ya á ní àwòrán, a ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò ní sọ púpọ̀. Ohun tí mo máa ń rí lójú fíìmù Ọ̀gá Akpọ ni mo rí. Gbogbo irin òòfà àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà, gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo tún lọ kọ́ ní ọjọ́ ogbó, ibi tí ẹbí dá wa padà sí nìyẹn, ibi tí a wà nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé ó yẹ kí inú bí èèyàn?

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá àìsàn náà dúró, ó sì dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Ìrora dínkù. Ohun tí mo fẹ́ kí Alhaja Sáfú rí ni pé ẹ̀rù kò pa á. Ó jẹun, ó ṣọ́jà. Ó pín ilé àti ṣọ́ọ̀bù fún àwọn ọmọ rẹ̀ lójú ara wọn. Ó lọ bẹ ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n ti jà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó rí i pé ó tó àkókò, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ó ti wí fún mi kó tó lọ pé kí n máa sọ ọ̀rọ̀ òun fún àwọn ọkùnrin, kí n má fi orúkọ òun bò. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí i tí mo pè é lórúkọ. Àárò rẹ̀ ń sọ mí títí di òní, n kò sì tíì dárí ji Iléyá ọdún yẹn.

Lẹ́yìn náà, mo sọ fún ilé àyẹ̀wò pé bí wọ́n bá fẹ́ kí n máa bá àwọn ṣiṣẹ́, kí ọkùnrin tó sùn sínú ẹ̀rọ, a ó bi í lójú àwọn tó bá a wá pé ta ni kí á sọ èsì fún. Nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ la ó sì gbà. Àwọn ọmọ kan bú mi. Ọ̀kan ní àjẹ́ ni mí, pé mo fẹ́ fi ìròyìn pa bàbá òun. Bàbá náà wà níjókòó, ó ní kí ọmọ rẹ̀ jáde síta lọ dúró de òun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́, bí ẹ bá fẹ́ ṣe èyí, ẹ wá, ó dára. Ẹ̀rọ tí ẹ máa lò á ju tiwa lọ. Á máa rí ohun tó kéré ju hóró yánrin lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, ìlú yìí á sì máa fi ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ dí yín lẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ ò bá lè jà, ẹ lọ máa ta kéèkì.

Lọ́dún tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, Lúkmọ́n wá. Òun nìkan ló wá. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti bọ́ òrùka, ó ti bọ́ aago àti bẹ́líìtì. Mo bi í ní ohun tí mo ń bi gbogbo wọn, pé ta ni kí á sọ fún.

“Na me get the body, Mama,” ó ní. “Na me una go tell.”

Ó sùn sílẹ̀, kò mira. Nígbà tó jáde, dókítà pè é wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, Alhaja Sáfú pè mí lórí fóònù, ó ní kí ni a rí. Ìyàwó Lúkmọ́n pè, àbúrò rẹ̀ náà pè. Mo ní kí wọ́n lọ bi í. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ mọ̀. Ẹ má bi mí. Òun la sọ fún.